Ìgò Abẹ́ Sukíní

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tó bẹ̀rù òfin ju àwọn tó ṣe òfin lọ, ẹ wá sí àdúgbò wa ní Ontario, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà níbí, kí ẹ béèrè ilé Delmer Yost. Bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn, yóò kọ́kọ́ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kó tó béèrè pé ta ni.

Delmer ni ọkùnrin tó máa ń dúró níwájú àmì ìdúró ojú títì títí koríko á fi hù lábẹ́ táyà rẹ̀. Nígbà kan, ó ṣèèṣì mú bírò ilé ìfowópamọ́ lọ sílé. Kò sùn mọ́jú. Nígbà tó máa dá a padà, ó gbé kéèkì dání, ó sì ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má fi orúkọ òun sílẹ̀ níbẹ̀. Ọlọ́pàá ò dá a dúró rí láyé ẹ̀, síbẹ̀ bó bá fojú kan ọkọ̀ ọlọ́pàá, òógùn á bò ó bí ẹni tó jí ilé ìjọba gbé, àtòrùlé àtìpìlẹ̀.

Iṣẹ́ ẹ̀ kò sí ní ìhà tiwa. Òun ni olùtọ́jú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní òdìkejì odò, ní ìpínlẹ̀ Idaho. Àràárọ̀ ló ń gba orí afárá Odò Snake kọjá, ìrọ̀lẹ́ ló ń padà. Òun ló ń nulẹ̀, òun ló ń tún fèrèsé ṣe, òun náà ló ń fọ èébì àwọn ọmọ tó mu mílíìkì ju ikùn wọn lọ. Bí ilé-ìwé bá ti parí lọ́dún yìí, ó máa fẹ̀yìn tì. Ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kó jáde níbẹ̀ bó ṣe wọlé, lọ́wọ́ mímọ́, lórúkọ mímọ́, kí àwọn ọmọ kọrin fún un, kó gba ìdágbére, kó máa lọ sílé lọ jókòó ti Nedra ìyàwó ẹ̀.

Ọ̀ràn afárá yẹn ló wá le. Ní ìhà tiwa, igbó mímu kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àgbàlagbà á rà á ní ṣọ́ọ̀bù bí ẹni ra ọṣẹ, á gbin igi mẹ́rin sẹ́yìn ilé, á sì fi ìwọ̀nba ta aládùúgbò lọ́rẹ. Àmọ́ bí ewé kan ṣoṣo bá ti fi imú kan Idaho, ọ̀rọ̀ di ti adájọ́. Odò kan náà ni, ẹja kan náà ló wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹja tó bá jẹ ewé ní ìhà tiwa, tó wá lúwẹ̀ẹ́ kọjá ìdajì odò, ọ̀daràn ni. Àwọn ará ọ̀hún ń dìbò ta ko igbó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ ò ní ríbi gbé ọkọ̀ sí níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù wa, nọ́ńbà Idaho ti kún ibẹ̀ bí ẹni pé ogun ló lé gbogbo ìlú wọn wá.

Delmer ò fọwọ́ kan igbó rí. Bó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, ó máa ń sé èémí.

Ohun kejì tó ju agbára wa lọ ní àdúgbò yìí ni sukíní, elégédé gígùn aláwọ̀ ewé yẹn. Ẹni tó bá gbin ẹyọ kan ti gbin ti gbogbo àdúgbò. Ẹ ká a láàárọ̀, bó bá dọ̀sán, èyí tí ẹ fojú fò á ti tóbi tó ọmọ ọwọ́. Nígbà tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá fi ń lọ sópin, kò sẹ́ni tó ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Jíjù la ń jù ú sínú ọkọ̀ ara wa. Ọkọ̀ tí ẹ ò bá tì níbí, olè ò ní wọ̀ ọ́, sukíní ló máa wọ̀ ọ́. Delmer kì í ti ọkọ̀ akẹ́rù ẹ̀, torí lójú tiẹ̀, títì í á dà bí ẹni pé ó ń fi àwọn aládùúgbò pe olè. Àpò tó bá bá lórí ìjókòó láàárọ̀, á gbé e lọ sí Idaho, á kó o sórí tábìlì yàrá olùkọ́. Gbogbo ilé-ìwé ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, wọ́n ń kórè àlùbọ́sà lọ́wọ́, èyí tó já bọ́ lára ọkọ̀ ti to ẹ̀gbẹ́ títì lọ rẹrẹẹrẹ, gbogbo ìlú ń ta sí ni lójú. Delmer bá àpò bébà kan lórí ìjókòó. Sukíní yọ orí níbẹ̀.

"Ìyá Ardith tún ti ṣe é," ló sọ, ó sì wakọ̀ lọ.

Ìyá Ardith ni opó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, arúgbó tí ọwọ́ ẹ̀ kì í dilẹ̀. Igi igbó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí òfin gbà á láyè wà lẹ́yìn ilé ẹ̀, wọ́n ga débi pé ẹyẹ tó bá bà lórí wọn á gbàgbé ibi tó ń lọ.

Delmer dé àárín afárá. Ọkọ̀ àlùbọ́sà tó wà níwájú ẹ̀ tẹ bíréèkì lójijì. Òun náà tẹ tiẹ̀. Àpò ṣubú, sukíní yí káàkiri, lẹ́yìn wọn ni ìgò kan yí jáde, ìgò ẹlẹ́nu gbígbòòrò tí àwọn ìyá wa fi ń tọ́jú èso. Ó yí wá kan bàtà ẹ̀. Ó wo inú ẹ̀. Ìgò náà kún fún òdòdó igbó gbígbẹ dé ọrùn.

Ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá yí ọkọ̀ padà sílé lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì wà lórí afárá pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí padà. Delmer wo àmì, ó wo ìgò, ó tún wo àmì. Àmì ló gbọ́ràn sí lẹ́nu. Báyìí ni ọkùnrin yìí ṣe pa òfin ojú títì mọ́, tó sì wakọ̀ rọra wọnú ẹ̀wọ̀n.

Ó fi bàtà ti ìgò sábẹ́ ìjókòó. Nígbà tó kúrò lórí afárá, ó rọra ń lọ débi pé katakata kan gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, ẹni tó ń wà á sì wò ó tàánú-tàánú. Kò pe ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, torí òfin ní kí awakọ̀ má fọwọ́ kan fóònù. Ó di ìgbà tó gúnlẹ̀ sílé-ìwé kó tó kó sukíní padà sínú àpò, tó fi ìgò sísàlẹ̀ wọn, tó sì wá pe Nedra.

"Nedra, ṣé o mọ ohun tó wà nínú ọkọ̀ mi?"

"Sukíní."

"Lábẹ́ sukíní ńkọ́?"

"Sukíní míì."

"Igbó ni o! Odidi ìgò!"

Nedra bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Ìyá Ardith mà sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ń palẹ̀ ti èṣín mọ́ kí àyè lè gba ti tuntun. Mo ní kí wọ́n fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi fún orúnkún mi. Mo rò pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa gbé e sí."

"Ò ń rẹ́rìn-ín? Ọgbà ilé-ìwé ni mo wà! Àwọn ọmọ ń fo okùn níwájú mi!"

"Rọra sọ̀rọ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹ. Gbé e padà wálé nírọ̀lẹ́."

"Kí n gbé e padà kẹ̀? Gbígbé e kọjá ààlà, ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni, ì báà jẹ́ àlọ, ì báà jẹ́ àbọ̀."

"Jù ú nù nígbà náà."

"Sínú ìdọ̀tí ilé-ìwé? Ta ló ń da ìdọ̀tí ilé-ìwé nù, Nedra?"

"Dà á sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí o fi omi lé e."

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yìí! Omi ojú lásán ló lè gba ibẹ̀ kọjá kó má dí. Èmi náà ni wọ́n á pè kí n wá fà á jáde!"

"Ó dáa. Jẹ ẹ́."

Delmer bẹ̀rẹ̀ sí í fojú díwọ̀n àpò náà.

"Àwàdà ni mò ń ṣe o, Delmer. Ṣé o gbọ́? Má jẹ ẹ́ o! Ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, kí o lọ bá iṣẹ́ ẹ."

"Mi ò tì í rí. Bí mo bá tì í lónìí, wọ́n á fura."

Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ló gbọ́ táyà lẹ́yìn ẹ̀. Ọkọ̀ ọlọ́pàá ló ń wọlé bọ̀. Àṣé òní ni ọjọ́ tí ọlọ́pàá máa wá fi ajá tó ń fimú wá igbó han àwọn ọmọ! Delmer fúnra ẹ̀ ló to àwọn òkòtó rọ́bà pupa sílẹ̀ lánàá láti fi gba àyè fún wọn, lábẹ́ igi kan ṣoṣo tó níbòòji nínú ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí òun fúnra ẹ̀ máa ń gbé ọkọ̀ sí. Ọlọ́pàá gbé ọkọ̀ ẹ̀ sún mọ́ tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀kùn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu konu.

Trent Mabey lorúkọ ọlọ́pàá náà, ọmọ ilé-ìwé yìí tẹ́lẹ̀ ni.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Yost! Àbí ẹ ò rántí mi?"

"Mo rántí ẹ. Èébì ẹ ò ṣe é gbàgbé."

Trent rẹ́rìn-ín títí, ó sì tú ajá sílẹ̀, ajá dúdú etí gígùn kan tí wọ́n ń pè ní Bísíkítì. "Kí ló dé tí ẹ ń làágùn báyìí? Òtútù mà ni."

"Ara àgbà ni," ni Delmer wí, ó sì mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá ibi tí kò sí ìdọ̀tí.

Wọ́n kó àwọn ọmọ jọ, wọ́n to báàgì wọn sílẹ̀. Trent ti fi ohun tó ń rùn bí igbó pamọ́ sínú ọ̀kan, kí Bísíkítì lè wá a rí. Ajá gbóòórùn báàgì àkọ́kọ́, ó gbójú kúrò. Ó gbóòórùn èkejì, ó sín. Lẹ́yìn náà ló gbé imú sókè, ó pa gbogbo báàgì tì, ó sì rìn tààrà lọ bá Delmer níbi tó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó jókòó síwájú ẹ̀, ó ń wò ó lójú. Jíjókòó yẹn sì ni àmì tí wọ́n kọ́ ọ pé kó máa fi sọ pé, "Ọ̀gá, ó wà níbí."

"Ọ̀gbẹ́ni Yost ló gbé e!" ni ọmọbìnrin kan ké. Gbogbo ilé-ìwé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn olùkọ́ ń lu ara wọn léjìká.

Delmer ò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ tó fi kó ìgò padà sínú àpò ló fi di ìgbálẹ̀ mú. Ó rí ara ẹ̀ nínú aṣọ ẹlẹ́wọ̀n. Ó rí àwọn ọmọ tó ń kọ orin ìdágbére fún un lẹ́yìn irin. Trent ń bọ̀, ẹ̀rín ti ń kúrò lójú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Kí ló wà nínú àpò yín, sà?"

Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu Delmer. "Trent, nínú ọkọ̀ mi…" ti wà lẹ́yìn eyín ẹ̀, ó ku kó là á. Ó kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, torí ohun tí ọlọ́pàá béèrè nìyẹn, ohun tí ọlọ́pàá bá sì béèrè ni Delmer máa ń ṣe. Ó fa oúnjẹ ọ̀sán ẹ̀ jáde, búrẹ́dì tí Nedra fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ há láàárín. Kí Trent tó la ẹnu, Bísíkítì ti gbé e mì, tòun ti bébà tí wọ́n fi wé e.

Ojú Trent pọ́n bí ata. Ó fà sún mọ́ Delmer, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ajá yìí máa dójú tì mí lọ́jọ́ kan. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá mi gbọ́."

"Mi ò ní sọ," ni Delmer wí. Àbí kí ló fẹ́ sọ? Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni Bísíkítì jókòó tì, àbí ọwọ́ tó kan ìgò.

Nígbà tí agogo ọ̀sán lù, Delmer mú àpò ìdọ̀tí dúdú, ó jáde lọ sídìí ọkọ̀ ẹ̀ láti lọ wá nǹkan ṣe sí ọ̀ràn yìí. Ó ṣílẹ̀kùn. Kò sí nǹkan kan lórí ìjókòó. Ó wo abẹ́ ìjókòó, ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó tilẹ̀ wo inú ihò kékeré tí wọ́n ń kó owó wẹ́wẹ́ sí, bí ẹni pé sukíní lè wọbẹ̀. Àpò ti lọ, ìgò ti lọ.

Ẹ mọ̀ pé bí ìgò náà ṣe wà níbẹ̀, ẹ̀rù ń bà á. Bí kò ṣe sí níbẹ̀ mọ́ yìí, ẹ̀rù àárọ̀ di ọ̀rẹ́.

Ó sáré wọ yàrá olùkọ́. Sukíní ti wà lórí tábìlì, wọ́n tò wọ́n bí òkú ẹja. Àwọn olùkọ́ ń mu kọfí yí wọn ká. Trent wà láàárín wọn, ó gbé èyí tó tóbi jù mọ́ àyà.

"Ẹ ṣé o, Ọ̀gbẹ́ni Yost! Ìyàwó mi á fi yan búrẹ́dì."

"Ta… ta ló kó wọn wọlé?"

"Lavonne ni," ni olùkọ́ kan dáhùn. "Ó ní ẹ ń pẹ́ jù lónìí."

Lavonne Tibbets ni akọ̀wé ilé-ìwé. Nínú ilé-ìwé yìí, àwọn ọmọ bẹ̀rù ọ̀gá àgbà díẹ̀, wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run díẹ̀ sí i, wọ́n wá kó gbogbo èyí tó kù fún Lavonne. Bó bá gbé dígí ojú ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé orí imú báyìí, ọmọ tí kò ṣe nǹkan kan á jẹ́wọ́. Ó ti ń dúró ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ẹ̀.

"Delmer. Wọlé. Ti ilẹ̀kùn."

Delmer wọlé, ó tì í.

"Mo rí i," ni Lavonne wí.

"Lavonne, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, kì í ṣe tèmi! Ìyá kan ní àdúgbò wa ló fi ta ìyàwó mi lọ́rẹ. Orí afárá ni mo ti rí i, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká má yí padà…"

"Jókòó kí o tó ṣubú lé mi lórí òdòdó."

"Ṣé o ti pe Trent?"

"Trent? Trent tí mo máa ń tẹ ìyá ẹ̀ láago ní gbogbo ọjọ́ Ajé pé kó wá gbé e, ó tún ti ti ìlẹ̀kẹ̀ bọ imú? Kí ni mo fẹ́ pè é fún?" Ó gbé dígí kúrò lójú, ó fi etí aṣọ nù ún. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti yí padà. "Ṣé o mọ̀ pé Màmá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi?"

"Mo mọ̀. Wọ́n ní wọn ò gbádùn."

"Jẹjẹrẹ ni. Ó ti wọ eegun. Àwọn hóró oògùn tí dókítà fún wọn ń jẹ́ kí wọ́n sùn bí òkú. Bí wọ́n bá jí, igbe ni. Díẹ̀ nínú nǹkan yìí, bí wọ́n bá mu ún lálẹ́, wọ́n á lè jẹun, wọ́n á bá mi tàkúrọ̀sọ. Ní ìhà yín lọ́hùn-ún ni mo ti ń rà á. Wọ́n wá dá ẹ̀gbọ́n mi kan dúró ní ìdí afárá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n tú ọkọ̀ ẹ̀ dé ìsàlẹ̀ táyà. Látìgbà yẹn, bí mo bá ti rí afárá yẹn lókèèrè, ńṣe ni mo máa ń yí padà sílé."

Delmer wo báàgì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀.

"Ó ti wà níbẹ̀," ni Lavonne wí. "Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ mọ́."

"Lavonne, inú ilé-ìwé la wà."

"Mo mọ ibi tí a wà. Èmi ni mò ń dáhùn fóònù ẹ̀."

Gbogbo òfin tí Delmer ti pa mọ́ láti kékeré dìde dúró nínú ikùn ẹ̀, wọ́n ń pariwo pé kó gba ìgò náà, kó gbé e lọ fún Trent, kó jẹ́wọ́, kó dọ̀bálẹ̀. Ó la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Bá mi kí Màmá."

Nígbà tí ilé-ìwé parí, ó dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ó ń wo Lavonne bó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ọlọ́pàá lọ sídìí ọkọ̀ tiẹ̀, báàgì léjìká. Bísíkítì fo sókè nínú ọkọ̀ níbẹ̀, ó ń gbó bí ẹni tí wọ́n fi iná jó, ó ń họ dígí. Delmer di ìgbálẹ̀ mú títí igi ẹ̀ fi ké. Lavonne dúró. Ó gbé dígí ojú ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé orí imú.

"Trent Mabey! Pa ajá ẹ lẹ́nu mọ́. Ó ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ."

"Ẹ má bínú, mà," ni ọlọ́pàá wí, ó sì na ìka sí ajá.

Kó tó wọkọ̀, Lavonne yíjú sí fèrèsé. "Delmer! Ìyá yín yẹn, ṣé sukíní wọn ṣì pọ̀?"

"Rárá!" ni Delmer ké láti inú ilé. "Rárá o! Ó ti tán!"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo àdúgbò wa gbọ́ ìró kan tí a ò gbọ́ rí: Delmer fi kọ́kọ́rọ́ ti ọkọ̀ ẹ̀. Àwọn èèyàn yọjú. Ìyá Ardith dúró sẹ́yìn ọgbà, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Delmer, kí la ṣe fún ọ?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, mà."

Sukíní ò tìtorí ìyẹn dẹ́kun. Wọ́n ń kó o sórí ọkọ̀, sídìí táyà, wọ́n tò ó sórí dígí iwájú. Láràárọ̀, Delmer á mú ọ̀bẹ jáde, á la ìkọ̀ọ̀kan sí méjì, á yẹ inú ẹ̀ wò dáadáa kó tó gbé e sọdá. Nedra ní ó kù díẹ̀ kó máa béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ wọn.

Nílé-ìwé, Lavonne ò sọ nǹkan kan. Fún ìgbà díẹ̀, ara ẹ̀ yá, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín fún ọmọ kan, ọmọ náà sì sá lọ sọ fún ìyá ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú ẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láàárọ̀.

"Màmá ńkọ́?" ni Delmer bi í lọ́jọ́ kan.

"Wọ́n ń ké," ni Lavonne wí. Kò gbójú sókè. Kò sì bẹ̀ ẹ́.

Delmer dé ilé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò wọlé. Ó dúró ti ọkọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó tì í, ó ṣí i, ó tún tì í. Ìyá Ardith ń tú ewéko gbígbẹ lẹ́yìn ọgbà.

"Ìyá Ardith."

"Delmer ọ̀tá sukíní."

"Mi ò… mi ò ní máa tì í mọ́ o. Ọkọ̀ yìí."

"Ó ti pẹ́ jù. Ìrì dídì ti pa sukíní. Elégédé pupa ló kù."

"Elégédé pupa náà dáa."

Arúgbó náà wò ó pẹ́. Èèyàn kì í fi ojú bẹ́ẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ elégédé. "Ṣé kí n fi nǹkan sábẹ́ ẹ̀?"

"Mi ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ, mà," ni Delmer wí, ó sì sáré wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, àpò wà lórí ìjókòó. Elégédé pupa kan jókòó sórí ẹ̀ bí olóyè. Delmer ò mú ọ̀bẹ. Kò wo abẹ́ ẹ̀. Ó dúró níwájú gbogbo àmì ìdúró títí àwọn tó wà lẹ́yìn fi ń fun fèrè. Ó gun orí afárá, ó sì kọjá àmì tó ní ká má yí padà.

Ní ìdí afárá, ní ìhà Idaho, ọkọ̀ ọlọ́pàá wà lábẹ́ igi. Trent ló wà nínú ẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì sukíní. Ó dá Delmer mọ̀, ó sì juwọ́ sí i.

Delmer gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kó tó rántí pé òun ló ń wakọ̀.